Kí ló dé tí ọ̀dà ara ilé onípákó kò yéé bó? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Inú ilé búlọ́ọ̀kù ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa dàgbà sí. Bí èèyàn bá wá dé Chicago, Providence tàbí Newark ní Amẹ́ríkà, tó ra ilé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀ níta, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ara rẹ̀ máa ń sú èèyàn. Wọ́n á kùn ún, á dán gbinrin, kò ní pẹ́ tó fi máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa máa ń bi mí lórí ẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Àwọn ìpínlẹ̀ tí òtútù ti ń mú gidi ni mo ní lọ́kàn jù, àmọ́ ẹni tó wà ní Georgia tàbí Texas náà á rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ọdún méjì péré la kun ilé wa, ọ̀dà olówó ńlá la sì rà. Kí ló tún fà á tó fi ń bó?

Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ọ̀dà yẹn mọ́. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí pákó bá mu omi, á wú. Bó bá gbẹ, á sún kì. Ọ̀dà tó wà lójú rẹ̀ ò lè máa bá a ṣe bẹ́ẹ̀ títí láé. Bí omi bá tún wá wà lẹ́yìn pákó, tí oòrùn ràn sí i, ojú pákó yẹn náà ni omi máa gbà jáde, á sì ti ọ̀dà dà nù lọ́nà. Mi ò tíì mọ ọ̀dà tó lè dá a dúró, ì báà jẹ́ èyí tó wọ́n jù ní ilé ìtajà. Torí náà, ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wá ná.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé omi ni lóòótọ́?

Ẹ mú ọ̀bẹ kékeré, ẹ wá ibi tí ọ̀dà ti léròrò lára pákó, ẹ là á, ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pákó lásán lẹ rí, tí kò sí ọ̀dà kankan lójú rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ni omi ti ti ọ̀dà wá. Bó bá jẹ́ ọ̀dà àtijọ́ lẹ bá níbẹ̀, tó ṣì lẹ̀ mọ́ pákó pinpin, tó jẹ́ ti òkè nìkan ló gbéra, ọ̀dà tuntun ni kò di ti àtijọ́ mú nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé wọn ò fọ ara ògiri kí wọ́n tó kùn ún. Ó sì lè jẹ́ pé inú oòrùn gangan ni wọ́n ti kùn ún, tí ojú ọ̀dà gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ.

Ẹ tún ṣa èyí tó já bọ́ sílẹ̀, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ẹ bá rí fọ́nrán igi wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn, a jẹ́ pé ìhòòhò ni pákó yẹn ti wà nínú oòrùn àti òjò tipẹ́ kí wọ́n tó fi ọ̀dà kàn án. Oòrùn ti pa ojú igi náà. Ọ̀dà di ojú igi tó ti kú yẹn mú dáadáa, àmọ́ ojú igi náà fúnra rẹ̀ ni kò di igi mú mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí ilé po, kí ẹ sì wo ibi tó ti ń bó jù. Bó bá jẹ́ abẹ́ fèrèsé, etí fèrèsé ló ń jò. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, òjò ló ń ta padà láti ilẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ abẹ́ ìgbátí òrùlé, níbi tí òjò kì í dé, ìdọ̀tí àti iyọ̀ ló ti gbára jọ síbẹ̀ láti ọdún yìí wá, tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná tàbí ilé ìwẹ̀, ẹ ka ìdáhùn tó tẹ̀ lé èyí dáadáa.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu, tí wọ́n máa ń gún mọ́ pákó láti fi wo bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò wọ́n. Bí iye tó bá gbé jáde bá ti ju 15 nínú 100 lọ, ẹ má kun pákó yẹn.

Ṣé òjò kọ́ ni? Omi tún lè ti inú ilé gba ara ògiri jáde ni?

Dáadáa. Àwa gan-an la sì sábà máa ń fún un lómi. Ẹ wo ilé Yorùbá lóṣù January: gbogbo fèrèsé ti wà ní títì pa nítorí òtútù, bọ̀kọ́tọ̀ ń hó lórí iná láti àárọ̀, omi àmàlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ilé ti fi omi gbígbóná wẹ̀ tán, aṣọ sì wà lórí okùn ní yàrá abẹ́ ilé. Níbo ni ooru omi yẹn fẹ́ gbà lọ? Inú ilé móoru, ìta tutù, inú ògiri ló máa gbà. Bó bá wá kan ẹ̀yìn pákó tó ti tutù, á di omi níbẹ̀, nígbà mìíràn á tiẹ̀ dì gbagidi. Bí oòrùn oṣù March bá wá yọ, ó di dandan kí omi náà jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i pé ọ̀dà ẹ̀yìn ilé ìdáná á ti bó tán, ti ẹ̀yìn pálọ̀ á sì wà bó ṣe wà.

Ẹ wo fáànù tó wà lókè sítóòfù. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ariwo ni wọ́n ń pa; ooru tí wọ́n fà, inú ilé náà ni wọ́n ń tú u padà sí. Ẹ tan án, kí ẹ jáde síta lọ wò ó bóyá ihò kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n ṣe páìpù tó máa gbé e jáde. Ti ilé ìwẹ̀ náà bẹ́ẹ̀: mo ti rí èyí tó jẹ́ pé inú àjà ló ń tú ooru sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé. Ẹ wo páìpù ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ bóyá ó ti yọ kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ erùpẹ̀ lásán ló wà nílẹ̀ yàrá abẹ́ ilé, ẹ fi ọ̀rá tó nípọn bò ó, torí omi ń ti inú ilẹ̀ yẹn gòkè tọ̀sántòru.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ilé àtijọ́ kì í sábà ní ohunkóhun nínú ògiri. Nígbà tí epo wọ́n lẹ́yìn ọdún 1973, ọ̀pọ̀ onílé ló lu ihò sára pákó, tí wọ́n fẹ́ òwú tó ń dènà òtútù kún inú ògiri. Bí ẹ bá rí ihò roboto tí wọ́n ti dí, tó tò lọ ní ìlà kan lára pákó ilé yín, ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Látìgbà náà, ooru inú ilé kì í dé ara pákó mọ́, pákó tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, omi sì ń dúró sí i lára. Mi ò ní kí ẹ yọ òwú náà o, owó gáàsì yín kò ní ṣeé gbọ́. Ẹ dín ooru omi inú ilé kù, kí ẹ sì dí àwọn àlàfo tó wà láti inú: etí fèrèsé, ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì iná, ìdí ògiri.

Omi tó ń bọ̀ láti ìta ńkọ́?

Ìyẹn rọrùn láti rí. Ẹ kó ewé kúrò nínú gọ́tà ẹnu òrùlé. Ẹ jẹ́ kí pákó tó wà nísàlẹ̀ pátápátá fi ó kéré tán íǹṣì 6 jìnnà sílẹ̀. Bí ẹ bá ti kó erùpẹ̀ òdòdó jọ tì í, ẹ gbẹ́ ẹ kúrò. Ẹ gé igi tó fara ti ògiri. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí koríko kò gbọ́dọ̀ máa fọ́n ọn sára ilé.

Wọ́n ní májèlé wà nínú ọ̀dà ilé àtijọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, òjé ni. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé gbígbé. Gẹ́gẹ́ bí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ṣe sọ, nínú 100 ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1940, nǹkan bí 87 ló ní ọ̀dà olójé; nínú èyí tí wọ́n kọ́ láàárín 1940 sí 1959, nǹkan bí 69; nínú èyí tí wọ́n kọ́ láàárín 1960 sí 1977, nǹkan bí 24. Bí ilé yín bá ti pẹ́, ẹ ṣáà gbà pé ó wà níbẹ̀ títí àyẹ̀wò á fi sọ pé kò sí.

Òjé tó jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ ọ̀dà tó dára kì í ṣe wàhálà. Ìgbà tí ẹ bá ń hó o, tí ẹ ń fi sáńpépà ha á, ni eruku rẹ̀ ń fò. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà àti aláboyún ló ń bá jà jù. Ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ohun tó sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà sípò. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ sọ fún dókítà rẹ̀ kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò yẹn kì í ṣe nǹkan ìtìjú.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ náà, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kó jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi omi wọ́n ojú ọ̀dà kí ẹ tó máa hó o, kí eruku má baà fò. Ẹ̀rọ sáńpépà tí kò ní àpò HEPA (ìyẹn asẹ́ tó ń gba eruku wẹ́wẹ́) tó ń fa eruku, ẹ má gbé e débẹ̀. Iná tó ń jó lala, ẹ má fi sun ọ̀dà rárá: ó ń sọ òjé di èéfín tí èèyàn máa fà símú, ó sì ti jó ilé mọ́lẹ̀ rí. Aṣọ iṣẹ́ yẹn, ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tàwọn ọmọ.

Màmá wá láti Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ṣé ó léwu?

Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè, nítorí àwọn àgbà wa kì í rí ilẹ̀ kí wọ́n fi í sílẹ̀ lásán. Ibẹ̀ gan-an ni òjé pọ̀ sí jù lọ nínú ọgbà ilé àtijọ́: gbogbo ọ̀dà tó ti ń bó láti ọgọ́rùn-ún ọdún, ìdí ògiri ló ń já bọ́ sí, òjé kì í sì í jẹrà. Ẹ̀fọ́ elétí ilẹ̀ máa ń gbé erùpẹ̀ mọ́ra, pàápàá tí òjò bá ta á lu ewé rẹ̀. Ẹ má jẹ ti ìdí ògiri mọ́ títí ẹ máa fi yẹ ilẹ̀ náà wò. Iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ilẹ̀ ti University of Massachusetts ní Amherst máa ń bá èèyàn wo òjé inú erùpẹ̀, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ fásitì ìpínlẹ̀ mìíràn náà ní irú rẹ̀. Ẹ bá Màmá kan àpótí pákó ńlá sáàárín ọgbà, kó jìnnà sí ilé, ẹ da erùpẹ̀ tuntun tẹ́ ẹ rà kún un. Ewédú á hù níbẹ̀ dáadáa bí oòrùn bá ti ń kàn án. Ìdí ògiri, ẹ gbin koríko síbẹ̀ tàbí kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ bò ó.

Ṣé dandan ni ká hó gbogbo ọ̀dà àtijọ́ kúrò?

Kì í ṣe dandan. Ẹ fi abẹ́ gé ọ̀dà tẹ́ ẹ rò pé ó dára kó ṣe bí lẹ́tà X, ẹ tẹ báńdéèjì alẹ̀mọ́ra tí wọ́n fi ń bo ojú egbò mọ́ ọn gírígírí, kẹ́ ẹ fà á ya lójijì. Bó bá gbé ọ̀dà wá, ọ̀dà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Bí kò bá gbé nǹkan kan, ẹ fi ọ̀dà yẹn sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ kàn fi sáńpépà tẹ́ etí ibi tó ti bó kó má ṣe gẹ̀gẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ilé kan wà tí wọ́n ti kùn léraléra fún ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ọ̀dà rẹ̀ ti nípọn. Ọ̀dà olóróró àtijọ́ yẹn máa ń le sí i bó bá ṣe ń pẹ́ sí i, kì í wá lè tẹ̀ mọ́, á wá máa là kọjá ní ìdábùú igi. Bó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ẹ hó o dé orí igi. Ọ̀dà tuntun tí ẹ bá kùn lé e, ẹrù lẹ ń dì fún un.

Ẹ tún fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara ògiri. Bó bá yọ funfun sí yín lọ́wọ́ bí ẹfun, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì, omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí tí kò ní yọ mọ́, nítorí orí ẹfun yẹn ni ọ̀dà tuntun máa lẹ̀ mọ́, kì í ṣe orí pákó.

Ẹ̀rọ tó ń fi omi líle fọ nǹkan ńkọ́? Ó yá kíá.

Ẹ máa fi bu omi sẹ́yìn pákó tán. Búrọ́ọ̀ṣì olówó gígùn àti omi ẹ̀rọ lásán ti tó. Fún ibi tó bá ti bu dúdú, ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ pa á síbẹ̀, kó dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ ohunkóhun tó ní amóníà nínú. Gáàsì májèlé ló ń di. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ara ilé gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan.

Práímà (ọ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kùn sára igi kí ọ̀dà gangan tó gorí ẹ̀) wo ló dára, olóróró ni àbí olómi?

Bí pákó bá jẹ́ kédárì tàbí redwood, olóróró ni mo fara mọ́. Igi méjèèjì yẹn ní àwọ̀ nínú, omi máa ń tú u jáde, á wá máa yọ pupa rúsúrúsú lójú ọ̀dà funfun. Práímà olóróró dá a dúró dáadáa. Àwọn olómi kan wà tó ń ṣe é, ẹ wo ara ìkòkò bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bí pákó bá jẹ́ páìnì, èyíkéyìí tó bá ti dára. Lórí práímà, ọ̀dà olómi ni kẹ́ ẹ kùn, nítorí ó máa ń bá igi tẹ̀.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì ju irú práímà lọ ni àkókò. Forest Products Laboratory, iléeṣẹ́ ìwádìí igi ti ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Madison, Wisconsin, ti ń ṣèwádìí igi láti 1910, wọ́n sì ti fi hàn pé bí pákó tó wà ní ìhòòhò bá lo ọ̀sẹ̀ mélòó péré nínú oòrùn, ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe yẹ mọ́. Nítorí náà, ẹ má hó gbogbo ilé tán kẹ́ ẹ tó kun ìkankan. Ẹ hó ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ fi práímà sí i, kẹ́ ẹ kun ọ̀dà rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ẹ kun ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì lórí práímà. Èyí tí wọ́n kùn lẹ́ẹ̀kan lè lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì lè tó ọdún mẹ́wàá. Akàbà tẹ́ ẹ ti gbé síbẹ̀ náà ni, ìyàtọ̀ owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ pákó tó ti jẹrà, ẹ fi práímà kun ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú ibi tẹ́ ẹ ti gé e kẹ́ ẹ tó kàn án mọ́lẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n gé ni igi ti ń mu omi jù.

Ìgbà wo ló yẹ ká kùn ún?

Ìparí May títí dé September ní àríwá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà olómi ń fẹ́ kí ojú ọjọ́ tó 50°F, ìyẹn 10°C, àwọn kan sì wà tó gba 35°F. Kì í ṣe ọ̀sán nìkan ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ wo òru náà. Ẹ máa tẹ̀ lé òjìji: ẹ kun ìwọ̀ oòrùn láàárọ̀, kẹ́ ẹ kun ìlà oòrùn lọ́sàn-án. Ẹ dáwọ́ dúró ní nǹkan bíi wákàtí méjì kí oòrùn tó wọ̀, kí ìrì má baà sẹ̀ sórí ọ̀dà tútù.

Ṣé ká fi kọ́ọ̀kì (lẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fún sínú àlàfo) dí gbogbo àlàfo tó wà lára pákó?

Rárá o! Etí fèrèsé, etí ilẹ̀kùn, igun ilé, ẹ dí wọn. Àmọ́ abẹ́ ibi tí pákó kan ti gun èkejì lórí, ẹ fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni omi tó bá wọ ẹ̀yìn pákó ń gbà sá jáde. Ilé tí wọ́n bá dí ibẹ̀ pa, tí wọ́n sì ń pè é ní iṣẹ́ tó mọ́, ni ọ̀dà rẹ̀ ń tètè bó jù.

Ó sú mi. Ṣé kí n kúkú fi pákó onírọ́bà bò ó mọ́lẹ̀?

Ẹ̀yin lẹ lówó yín. Àmọ́ bí omi bá ṣì ń jáde látinú ilé tàbí tó ń jò wọlé lójú fèrèsé, abẹ́ rọ́bà yẹn ló máa ti máa jẹ igi, ẹ ò sì ní rí i. Ọ̀dà tó ń bó ṣáà ń sọ fún yín pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé àdúgbò tí ìjọba ìlú kà sí ti ìtàn ni ilé wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó yí ara ilé padà.

Mo fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún pẹ́ńtà. Kí ni kí n bi í?

Bí ilé bá ti wà ṣáájú 1978, ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀rí EPA rẹ̀ hàn yín. Láti 2010 ni òfin ti sọ pé ẹni tó bá ń gbowó ṣe iṣẹ́ tó máa tú ọ̀dà tí ojú rẹ̀ ju 20 square feet lọ níta irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in. Bó bá jẹ́ ọmọ ìyá wa ni, tó ń pè yín ní "bọ̀dá mi", ẹ ṣì béèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í pé kí ló rò pé ó ń jẹ́ kó bó. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ọ̀dà ló kọ́kọ́ dárúkọ, ẹ pe ẹlòmíràn. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun wo ilé ìwẹ̀ àti gọ́tà òkè ná, ẹ fún un ní àga. Kí ìwé àdéhùn sọ bí wọ́n ṣe máa hó o, irú práímà, iye ìgbà tí wọ́n máa kùn ún, àti ẹni tó máa kó èépá ọ̀dà kúrò nílẹ̀. Ẹ má san owó tó kù títí ẹ máa fi yí ilé po pẹ̀lú rẹ̀ ní ojúmọmọ, kẹ́ ẹ sì wo abẹ́ ìgbátí òrùlé níbi tí akàbà rẹ̀ kò fẹ́ dé.